Máàkì Ogún fún Ìfọwọ́sowọ́pọ̀

Onígbàjámọ̀ kò tíì bọ́jú láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ó rò pé oníbàárà ni. Tíṣà ni. Tíṣà kì í kí ènìyàn lórí gúrúùpù àwọn òbí. Bó ṣe máa ń já wọ kíláàsì náà ló ṣe máa ń já wọ fóònù onífóònù.

"Ẹ̀yin òbí, ìdánwò ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀ yóò wáyé lónìí ní aago méjìlá ọ̀sán gééré, fún ogójì ìṣẹ́jú, lórí géèmù íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi ránṣẹ́. Ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lórí fóònù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá pé, òdo. Máàkì ogún ni. Ẹ ṣé."

Onígbàjámọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún padà ka "ẹ ṣé" yẹn lọ́tọ̀, àfi bíi pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bú u.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, wá gbọ́ ohun tí wọ́n tún gbé dé o! Géèmù! Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tí gbogbo orí àdúgbò ń wá bá mi!"

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń so okùn bàtà funfun tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mo ti rí i. Ẹ fún un ní fóònù yín. Tèmi ń bá mi lọ."

"Fóònù mi? Kí àwọn oníbàárà wá máa pe afẹ́fẹ́?"

"Ogójì ìṣẹ́jú péré ni, Bàbá Jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n wá fẹ́ kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ, ó tún di ìbínú."

Ó jáde, ó sì fi ilẹ̀kùn ṣe èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí ìjókòó ní yàrá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ni. Àdúgbò ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí kò sí ohun tó ń kánjú ṣe, ọ̀rọ̀ sísọ ló sì ń falẹ̀ ṣe jù. Tí ènìyàn bá bi í ní ìbéèrè, yóò wo onítọ̀hún, yóò wo ilẹ̀, yóò tún wo onítọ̀hún, kí ìdáhùn tó jáde. Nígbà tí yóò bá fi jáde, ẹni tó béèrè á ti máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń bí onígbàjámọ̀ nínú gan-an kì í ṣe géèmù. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti wọ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún un jù lọ níbẹ̀ ni "ẹ panu mọ́." Ọmọ méjìléláàádọ́rin ló wà ní kíláàsì kan, mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Ẹni tó bá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà lójú pátákó lábẹ́ "aláriwo," pàṣán á sì tẹ̀ lé e. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi lé ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ. Wọ́n wá ní kí wọ́n lọ wá a rí lórí fóònù bàbá wọn, kí aago kan ọ̀sán tó lù.

"Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù ọ̀hún?" ó bi í.

Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo ilẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀."

"Díẹ̀! Ẹ gbà mí o," ni onígbàjámọ̀ wí, ó sì gba ẹ̀yìn lọ tan jẹnẹrétọ̀, torí iná kò tíì dé láti Ọjọ́bọ̀.

Iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù wà: yàrá kan ṣoṣo, dígí gígùn lára ògiri, àga kan tó ń yí, bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró, kọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́wàá kọjá, bẹ́ǹṣì ti kún. Ẹni tó wà lórí àga ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó ká táì rẹ̀ sínú àpò kó má baà gba irun. Ó ní wọ́n pe òun fún intafíù iṣẹ́ ní aago mẹ́ta, ìkínní irú rẹ̀ láti ọdún méjì tí òun ti ń kọ lẹ́tà kiri.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ gé e kó jọ orí ẹni tí wọ́n lè fún níṣẹ́."

"Irú orí wo nìyẹn?"

"Èmi náà ò mọ̀. Mi ò tíì ní in rí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ti ń gbàgbé tíṣà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí kọ́tìnnì fò sókè tí ọmọbìnrin kan já wọlé. Ọmọ aránbàtà òdìkejì ọ̀nà ni. Aláròyé ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí yóò béèrè ìdí.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ káàárọ̀ gbogbo yín! Màmá mi ní kí n wá ṣe géèmù níbí, torí inú ẹgbẹ́ Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi mí sí, mi ò sì bẹ̀ wọ́n, àwọn ló fi mí síbẹ̀, fóònù bàbá mi ò sì lè ṣe é, bọ́tìnnì ló ní, kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kò tilẹ̀ ní kámẹ́rà, tọ́ọ̀ṣì nìkan ló—"

"Ó tó!" Onígbàjámọ̀ pa kílípà. "Ṣé 'ilé fóònù' ni mo kọ sójú pátákó ìta yẹn ni?"

"Rárá sà. 'Ibi Tí Orí Ti Ń Pé' lẹ kọ."

Ẹ̀rín sọ lórí bẹ́ǹṣì. Onígbàjámọ̀ ò bá wọn rín tọ̀tẹ̀ yìí.

"Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé yìí, Jẹ́jẹ́ ló fẹ́ lò ó. Wọ́n sì ní kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ṣé kí n gé ọ̀kan sí méjì ni?"

Aláròyé jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó ká ọwọ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́, tó ti jáde wá jókòó lápá ibẹ̀ láti ìgbà díẹ̀, dìde, ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyí tí àwọn méjèèjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí rọ́bà ìpàwérẹ́ kan tó já sí méjì, tí kálukú sì ní ẹnìkejì ló já a.

"Ẹgbẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ rèé o," ni Màmá Ọlọ́ṣẹ wí láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ògiri pákó ló pààlà láàárín òun àti onígbàjámọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí pákó náà dá dúró rí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kí ara wọn ná, ká tó máa wá fóònù."

Bí onígbàjámọ̀ ṣe tún kílípà tàn nìyẹn, tó gbé e lé orí ọ̀dọ́kùnrin náà, tó gé apá òsì mọ́lẹ̀ dé àárín orí, tó dán, tó sì gún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí àga láti bọ́ sápá ọ̀tún ni jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́yìn ilé. Ó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ara rẹ̀ nínú dígí: ẹnì kan lápá òsì, ẹlòmíràn lápá ọ̀tún.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, "ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ pé ibi tó mọ nìyí."

Onígbàjámọ̀ sáré gba ẹ̀yìn. Ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí èjìká rẹ̀ fi ń ta á. Epo wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Ó kàn kọ̀ ni. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi bébà fọ̀ ọ́, ó dá a padà, ó tún fa okùn. Wúù, wúù, ó kú. Bó ṣe ń ṣe èyí, ó ń gbọ́ tí bẹ́ǹṣì ń tú nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá, mo ń bọ̀." "Ọ̀gá, ó dìrọ̀lẹ́." "Ọ̀gá, ẹ pè mí tí iná bá dé." Ẹni tí kò lè lọ síbì kankan nìkan ni kò lọ.

Nígbà tó padà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù. Omi ti lé sí Aláròyé lójú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ torí ìyẹn.

"Wọ́n máa fún wa ní òdo, wọ́n á sì ní èmi ni, torí èmi ni mi ò ní fóònù, ọmọ lọ́yà tá a jọ wà lẹ́gbẹ́ á tún sọ ọ́ létí gbogbo kíláàsì—"

"Màmá Ọlọ́ṣẹ!" onígbàjámọ̀ pariwo sára pákó. "Fóònù yín ńkọ́?"

"Ojú rẹ̀ ti fọ́. Apá kan nìkan ló ń gbọ́ràn. Bí mo bá fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi báyìí, alágbàfọ̀ ló máa ń gbé e."

Ọ̀dọ́kùnrin inú àga ki ọwọ́ bọ àpò. "Ẹ gba tèmi fún un," ó ní. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kí n máa ya fọ́tò ara mi? Aago mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi."

Aláròyé gba fóònù náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Aago méjìlá lù, géèmù ṣí. Ọkọ̀ ojú omi kan ló wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́rin ni yóò wà á sọdá odò. Ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú kò rí nǹkan kan rárá. Ẹnì kan ló ń rí àpáta, ẹnì kan ló ń rí ibi tí omi jìn, ẹnì kan ló ń rí èbúté. Ohun tí ẹnì kan rí, ó ní láti sọ ọ́ fún àwọn yòókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á rì, wọ́n á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ lọ́yà, tó pe ara rẹ̀ ní Kọ́mánda, ló di ìtọ́kọ̀ mú láti ilé wọn. Ọmọ oníbúrẹ́dì ló ń rí èbúté láti ilé tirẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń rí àpáta, Aláròyé ló ń rí omi.

"Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa sọ̀rọ̀ kíákíá!" ohùn Kọ́mánda jáde.

"Omi jìn lápá ọ̀tún, kò jìn lápá òsì, ó tún jìn díẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà jìn—" ni Aláròyé wí.

"Èb... wà... lọ́w..." ni ọmọ oníbúrẹ́dì wí. Nẹ́tíwọọ̀kì ń gé ohùn rẹ̀ bí ẹni gé búrẹ́dì.

"Àpáta..." ni Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Níbo? Níbo?"

"...wà ní..."

Gbàà! Ọkọ̀ rì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó rì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn ọkùnrin kan gba inú fóònù Kọ́mánda wọlé, ohùn ńlá tó ti mọ́ kóòtù lára.

"Má dá wọn lóhùn! Tẹ òsì! Mo ní òsì! Ọmọ ta tilẹ̀ ni eléyìí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sùn?"

Ọkọ̀ rì. Jẹ́jẹ́ gbé fóònù kúrò lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó wo ilẹ̀, kò sì tún gbójú sókè mọ́.

Onígbàjámọ̀ kò mọ ìgbà tí òun já fóònù náà gbà.

"Ọmọ tèmi ni! Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ṣé ẹ̀yin náà wà ní kíláàsì márùn-ún ni?"

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá ẹni tó ń sùn!"

"Onígbàjámọ̀? Ẹ wò ó, mi ò bá yín jà. Ọmọ yín ló ń fa ti àwọn yòókù sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀, kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó lè sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ń sọ ọ́ fún ọmọ yín! Òun fúnra rẹ̀ ò tíì sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ tirẹ̀ láti àárọ̀!"

"Ẹ sọ fún un!" ni Màmá Ọlọ́ṣẹ wí láti ẹ̀yìn pákó. "Bó ṣe ṣe mí náà nìyẹn nígbà tó ra ọṣẹ, tó ní kò hó!"

Lọ́yà béèrè ta ló tún ń sọ̀rọ̀. Màmá Ọlọ́ṣẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ wá sọ ara rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ wọnú ọ̀rọ̀ géèmù, ọ̀rọ̀ géèmù wọnú ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í kí aládùúgbò. Àgbàlagbà mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ papọ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì wí. Àwọn ọmọ ń wò wọ́n. Lójú fóònù, aago géèmù ń rìn lọ.

Àárín rẹ̀ ni fóònù tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ìpè náà lé géèmù kúrò lójú fóònù pátápátá.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, mo kàn ní kí n béèrè bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni."

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀! Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ fún wọn! Nítorí Ọlọ́run, gé e!"

"Kí ni mo ṣe? Èèyàn ò lè béèrè ọmọ ẹ̀ mọ́?"

"Gé e!"

"Ẹ̀yin náà ẹ gé e! Ṣé ọwọ́ mi nìkan ni bọ́tìnnì wà?"

Ó gé e. Ó ń mí bí ẹni tó sáré. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ó nawọ́ fóònù sí Jẹ́jẹ́ láti dá a padà, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbà á. Ó wo bàbá rẹ̀. Kò wo ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́... ẹ jáde."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀yin. Àti Màmá. Àti ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ jáde."

Kò gbé ohùn sókè. Ọ̀dọ́kùnrin inú àga ló kọ́kọ́ dìde, pẹ̀lú aṣọ ìgẹrun lọ́rùn àti orí alápá méjì, ó sì jáde bí ẹni tí wọ́n lé ní kíláàsì. Màmá Ọlọ́ṣẹ tẹ̀ lé e, ó ń kùn. Onígbàjámọ̀ fi ṣòkòtò nu ọ́ìlì ojú fóònù. Ó gbé fóònù lé orí bẹ́ǹṣì, ó sì jáde.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ sókè, ó lọ sẹ́yìn ilé lọ bẹ jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀. Màmá Ọlọ́ṣẹ padà sídìí ọṣẹ. Onígbàjámọ̀ dúró sẹ́bàá kọ́tìnnì. Ó ní tòun ò ju kóun wà nítòsí lọ, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀.

Nínú ilé, Jẹ́jẹ́ tún géèmù ṣí. Lẹ́yìn náà ni Kọ́mánda sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti kéré, ó ń dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò.

"Mo ti wọ balùwẹ̀. Mo ti ti ilẹ̀kùn. Wọn ò lè wọlé."

"Ó dáa," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká... ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá sọ tirẹ̀ parí, kó o sọ pé 'ó tán.' Kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ kí ó tó gbọ́ 'ó tán.' Ó tán."

"Ọmọ oníbúrẹ́dì ńkọ́?" ni Aláròyé béèrè. "A ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rárá, ṣe ló ń—" Ó dúró. "Ó tán."

Jẹ́jẹ́ ronú. "Kó máa kan fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, rárá. Àwa la máa bi í. Ṣé o gbọ́? Ó tán."

Kó. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpáta wà lápá ọ̀tún, ó tán. Omi jìn níwájú, ó tán. Ṣé èbúté wà lápá òsì? Kó. Mo ti yí i, ó tán. Kò sí ẹni tó sáré. Ibi tí àwọn ọmọ yòókù ti rọra dúró de ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń dé. Ọkọ̀ rì lẹ́ẹ̀kan, Aláròyé sì ní, "Èmi ni. Òsì ni mo fẹ́ pè, ọ̀tún ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Ó tán." Kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n tún gbéra. Onígbàjámọ̀ rí i pé òun ti di kọ́tìnnì mú pinpin, ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ sì ti tẹ̀ sára rẹ̀.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni Kọ́mánda wí. "Ṣé a ti sún mọ́ èbúté? Ó tán."

Kó.

Fóònù kan dún nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ń pè," ni Aláròyé wí. "Fóònù ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ń pè wọ́n."

"Gé e! Ó ku díẹ̀!" Kọ́mánda ti gbàgbé "ó tán." Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ta ló ń pè?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé 'Iléeṣẹ́, Intafíù.'"

Ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Onígbàjámọ̀ ti fẹ́ wọlé; ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú. Kò mọ ohun tó fẹ́ lọ wí. Bóyá kí wọ́n gé e, bóyá kí wọ́n gbé e. Ó dúró.

"Tí a bá gbé e fún wọn, ọkọ̀ á rì," ni Jẹ́jẹ́ wí, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. "Kò sí àyè láti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ká gbé e fún wọn? Ó tán."

Ọmọ oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ dáhùn:

Kó.

"Ẹ gbé e fún un," ni ohùn inú balùwẹ̀ wí. "Ó tán."

Aláròyé ti ń sáré kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ó gba abẹ́ apá onígbàjámọ̀ kọjá, ó ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n! Àwọn iléeṣẹ́ o!" Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ rì.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà fẹ́ rìnrìn àjò. Wọ́n ní kò ní dúró di aago mẹ́ta mọ́. Tí ọ̀dọ́kùnrin náà ò bá lè dé kí aago méjì tó lù, kó máà wá mọ́.

"Mò ń bọ̀ sà," ló ń wí, ó sì ń fọwọ́ pa ìdajì orí rẹ̀ tó kún fún irun. "Mo ti wà lọ́nà sà."

Jẹnẹrétọ̀ ò tíì dáhùn. Onígbàjámọ̀ fa ọ̀dọ́kùnrin náà wọlé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. "Màmá Ọlọ́ṣẹ! Ọṣẹ! Èyí tó ń hó!" Wọ́n da omi, wọ́n fi ọṣẹ pa gbogbo orí, onígbàjámọ̀ yọ bíléèdì tuntun, ó sì fá a kodoro, òsì àti ọ̀tún, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan. Aláròyé di táwẹ́lì mú, Jẹ́jẹ́ di abọ́ omi. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló gbà á. Ọ̀dọ́kùnrin náà sáré jáde, táì ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn.

Aago kan àbọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tíṣà dé. "Ẹgbẹ́ kẹfà: òdo. Ọmọ kan fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ìdí: àìfọwọ́sowọ́pọ̀."

Onígbàjámọ̀ pe tíṣà lójú ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé. Ó sọ nípa kíkan fóònù, ó sọ nípa balùwẹ̀, ó sọ nípa intafíù. Tíṣà gbọ́ ọ dé òpin.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ ló ń fún wọn ní máàkì. Èmi gan-an ò rí ohun tí wọ́n ṣe."

"Ẹ ò rí i? Ta ló wá rí i?"

"Ọmọ méjìléláàádọ́rin, Bàbá. Èmi náà, fóònù kan ni mo ní. Ọmọ tèmi ló wà lórí ẹ̀ látàárọ̀. Òun náà ní ìdánwò ní ilé ìwé tiẹ̀." Tíṣà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé."

Kò rí ẹni tí yóò bá jà. Ìyẹn ló tún dùn ún jù. Ó ṣì di fóònù mú nígbà tí lọ́yà pè é.

"Mo fẹ́ mọ ọmọ tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀! Nínú àwọn méjì tó wà lọ́dọ̀ yín, èwo ni? Máàkì ogún!"

Onígbàjámọ̀ la ẹnu láti fún un ní tirẹ̀. Kò tíì rí i sọ tí ohùn kékeré kan fi wọlé láti ẹ̀yìn lọ́yà.

"Gbogbo wa ni, Dádì."

"Kí lo wí?"

"Gbogbo wa la gbà kí wọ́n gbé e fún un. Èmi náà."

Lọ́yà gé ìpè náà.

Ìyàwó onígbàjámọ̀ dé ní aago mẹ́rin kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì bá oúnjẹ kankan lórí ààrò. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

"Láti àárọ̀! Ẹ ò lè se ìrẹsì lásán?"

"Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi sè é? Wo ọwọ́ mi!"

"Kí ni àwọn ọmọ jẹ?"

Wọ́n jùmọ̀ wo bẹ́ǹṣì. Aláròyé kò tíì lọ sílé. Búrẹ́dì kan wà láàárín òun àti Jẹ́jẹ́, èyí tí ọmọ oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ gbé wá tó sì ti padà. Ẹyin sísè méjì wà níbẹ̀, èyí tí Màmá Ọlọ́ṣẹ mú wá láìsọ ohunkóhun, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Aláròyé ń sọ̀rọ̀, Jẹ́jẹ́ ń jẹun. Lẹ́yìn náà Aláròyé dákẹ́, ó sì dúró, ẹyin lọ́wọ́, títí Jẹ́jẹ́ fi jẹ tẹnu rẹ̀ tán, tó wo ilẹ̀, tó sì sọ tirẹ̀.

"Máàkì mélòó ni wọ́n gbà?" ìyá béèrè wẹ́rẹ́.

Onígbàjámọ̀ lọ fọ ọwọ́.

Ó ń gbá irun ilẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà tó ní àwọn ń bọ̀ kò sì padà wá, nígbà tí fóònù dún. Ọ̀dọ́kùnrin ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Báwo ni? Ṣé o bá wọn? Wọ́n gbà ọ́?"

"Mo bá wọn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago méjì lù. Wọ́n ní àwọn máa pè mí."

Àwọn méjèèjì ló ti gbọ́ "a máa pè ọ́" rí.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Mi ò tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé wọ́n yege?"

Jẹ́jẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò jìnnà. Onígbàjámọ̀ rí i, kò sì yíjú kúrò.

"Wọ́n yege," ó ní.

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí wọn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀. Jẹ́jẹ́ kò kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀, ó sì rọra dúró dè é, láìgbá ilẹ̀.

"Bàbá, òdo la gbà."

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì sọ fún wọn pé a yege."

"Mo ní ẹ yege. Ẹ̀rọ ló ní òdo. Èmi ni mo wà níbẹ̀."